Ìṣẹ́jú Àáyá Méjì

Obìnrin kan kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kọ dè é, ìwé tó sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò dára ló jó ẹ̀rọ kan ní ilé ìwòsàn.

"O ti kà á?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ náà bi í. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ti ìwé náà síwájú pẹ̀lú ìka kan. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é ní Ẹnjiníà. Òun ló ni ilé-iṣẹ́, òun ló sì ni ìwé àṣẹ tó wà nínú férémù lórí ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀.

"Mo ti kà á, Bọ̀dá."

"Kí ló wá kù? Bírò nìyẹn."

Obìnrin náà kò wo bírò. Ọwọ́-ò-gbọ̀n ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé bó bá gbé irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé, ẹnu irin náà kì í mì. Kò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwé kankan. Ìyàwó àbúrò ọ̀gá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ń gbálẹ̀, ó ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, òun ló ń tún èyí tí wọ́n bá bàjẹ́ ṣe.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé òjé tí mo fi lẹ̀ ẹ́ kò mú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n rí àpótí náà ná."

"Àpótí ti jóná, kí lo fẹ́ rí lára ẹ̀?"

"Àpótí ò jóná, Bọ̀dá. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn ló jóná. Èmi ni mo lọ gbé àpótí yẹn wá lánàá. Ó ṣì ń tàn."

Ẹnjiníà fọwọ́ pa ojú.

Ohun tí wọ́n ń fà yìí, kò ju ìwé ńlá méjì tí wọ́n gbé léra wọn lọ. Ilé ìwòsàn kan ní ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń ṣọ́ mímí àwọn ọmọ tuntun tí oṣù wọn kò pé. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ náà ti wá, iye iná tí wọ́n ń jẹ kò sì dọ́gba. Ọ̀kan ń jẹ fóòtì márùn-ún, àwọn kan ń jẹ mẹ́sàn-án, àwọn kan ń jẹ méjìlá. Àwọn ṣájà tó bá wọn wá ti bàjẹ́ tán. Ẹnjiníà wá ṣe àpótí kan tó lè fún èyíkéyìí nínú wọn ní iye tó ń fẹ́. Nọ́ọ̀sì á tẹ bọ́tìnnì, iye á yọ lójú àpótí, iná tó bá iye náà mu á jáde. Mẹ́fà ni wọ́n ṣe. Ẹnjiníà ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Kóòdù kọ ìlànà sínú ọpọlọ kékeré tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́-ò-gbọ̀n fi òjé lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, kan pákó tó bò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ tó ń jẹ fóòtì márùn-ún gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ kan. Nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí, ó gbé ọmọ náà sá. Ọmọ náà wà láàyè. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá ti lọ fọwọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti kúrò ní ti ìwé àti bírò.

"Gbọ́, Ìyàwó," ni Ẹnjiníà wí, ó ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ń retí àlàyé lónìí. Tí mo bá ní àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan ni, àpótí kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ kàn. Tí mo bá ní mi ò mọ̀, wọ́n á dá márààrún tó kù padà, wọ́n á sì ní kí n mú ìwé àṣẹ mi wá. Ta ló máa lé ẹ? Èmi náà ni ọ̀gá. Wàá gba ẹ̀bi, màá bá ẹ wí, ó parí."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀bi mi, màá gbà á láìjẹ́ pé ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀bi mi ni."

"Ṣé o rántí ẹni tó fún ẹ ní tábìlì nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá, ẹ ṣé. Ẹ fún mi ní tábìlì. Orúkọ mi, ilé wa ni mo ti gbé e wá."

"Ẹnu ẹ ti gùn jù."

"Ó ti pẹ́ tó ti gùn. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń rán an sí àwọn oníbàárà tó bá ń yọ yín lẹ́nu."

Ẹnjiníà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Aago méjì," ó ní. "Mo fẹ́ rí ìwé yìí lórí tábìlì mi kó tó di aago méjì."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n fi ìwé náà sílẹ̀ níbi tó wà, ó jáde.

Kóòdù wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọkùnrin apárí ni, ó ní ọmọ mẹ́ta, kò sì sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ àyàfi ọ̀gá.

"Ṣé o ti di ọ̀daràn?" ó bi í.

"Gbé àpótí yẹn fún mi."

"Èyí tó fẹ́ sun ilé ìwòsàn? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin náà tú ìdérí pákó kúrò, ó gbé awò ńlá sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó ọgọ́rin. Gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn jókòó dáadáa. Ó fi ìfọyín gbọn eruku, ó tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dá ara rẹ̀ láre máa ń yára wo nǹkan. Kò sí èyí tó sán.

Ó tan àpótí náà, ó dúró títí iye fi yọ lójú rẹ̀, ó wá fi mítà tó ń wọn iná kàn án. Márùn-ún. Mítà ní márùn-ún, àpótí ní márùn-ún.

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Kóòdù wí. "Ẹ̀rọ tiwọn ló ti gbó."

Ìwé kan ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n ń wò lára ògiri, èyí tí Ẹnjiníà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà gàdàgbà: KỌ́KỌ́ TAN ÀPÓTÍ. DÚRÓ KÍ IYE YỌ. LẸ́YÌN NÁÀ NI KÍ O SO Ẹ̀RỌ MỌ́ ỌN. Ọdún mẹ́rin nìwé yẹn ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àpótí ilé ìwòsàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí wọ́n ṣe dán wọn wò nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ronú ọ̀nà mìíràn.

"Kóòdù, ṣé nọ́ọ̀sì lè rójú ṣe gbogbo eléyìí?"

"Èwo?"

"Kó tan án, kó dúró, kó tún wá so ó. Nígbà tí mo lọ gbé àpótí yìí, àwọn tó kù ò kúrò lára ẹ̀rọ wọn. Síso ni wọ́n so wọ́n mọ́ra láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí iná bá lọ, tó bá dé, ara ògiri ló ti ń wọlé tààrà. Kò sẹ́ni tó ń dúró de iye kankan."

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú mítà àtijọ́ kan jáde, èyí tó ní abẹ́rẹ́. Ó so ó mọ́ àpótí kó tó tan án, ó wá tẹ swíìṣì ara ògiri.

Abẹ́rẹ́ náà fò. Ó kọjá márùn-ún, ó kọjá mẹ́wàá, ó lọ dúró síbi méjìdínlógún. Ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iye yọ lójú àpótí, abẹ́rẹ́ sì rọra já bọ́ sórí márùn-ún, ó ń ṣe bí ẹni tí kò débì kankan.

Kóòdù ti dìde. "Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀. Méjìdínlógún. Wọ́n jọ kà á: ọ̀kan, èjì. Ó padà sí márùn-ún.

"Ọpọlọ náà ò tíì jí," ni Kóòdù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tí iná bá kọ́kọ́ kàn án, ó máa ń dúró wò ó bóyá kọ̀ǹpútà fẹ́ kọ nǹkan tuntun sí i nínú. Tí kò bá rí kọ̀ǹpútà, ó máa wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá nígbà tí èèyàn bá ti rí i. Ohun tó ń dín iná kù nínú àpótí jẹ́ nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Iná á gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba ẹsẹ̀ kejì jáde, ẹsẹ̀ kẹta ló ń sọ iye tó gbọ́dọ̀ jáde. Nínú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri, èèyàn ló ń fọwọ́ yí nǹkan kan, bí wọ́n ṣe ń yí rédíò, láti pàṣẹ fún ẹsẹ̀ kẹta yìí. Ẹnjiníà mú ọwọ́ èèyàn kúrò, ó fi ọpọlọ kékeré sí i. Ọpọlọ náà ní ọ̀nà mẹ́rin tó lè ṣí láti fa ẹsẹ̀ kẹta wálẹ̀. Bó bá ṣí púpọ̀, iná á kéré. Bó bá ṣí díẹ̀, iná á pọ̀. Bí kò bá ṣí ọ̀kankan, gbogbo iná tó wà lẹ́yìn á tú jáde. Ọpọlọ tó ń sùn kì í ṣí ọ̀nà kankan.

"Jẹ́ kí n tún ìlànà mi kọ," ni Kóòdù wí. "Màá ní kó kọ́kọ́ ṣí gbogbo ọ̀nà."

"Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹni tó ń sùn lo fẹ́ rán níṣẹ́?"

Kóòdù họ orí tí kò ní irun.

"Ọpọlọ kọ́ ló yẹ kó máa fà á wálẹ̀," ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n wí. "Ìsàlẹ̀ ni ká kọ́kọ́ so ó mọ́. Ká so ẹsẹ̀ kẹta mọ́ ilẹ̀ pátápátá, kí ọpọlọ máa tú u nígbà tó bá jí tó sì mọ iye tó fẹ́. Bó bá wá sùn, bó bá dákú, bó bá kú, iná ò ní ju fóòtì kan àti díẹ̀ lọ."

Kò gbà á ju ìdajì wákàtí lọ. Nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, èyí tó kéré bí irúgbìn, rẹsítọ̀ kan tó ń kó iná níjàánu, wáyà kan, àti ìlà ìlànà kan tí Kóòdù fi kún tirẹ̀. Wọ́n tẹ swíìṣì. Abẹ́rẹ́ kò fò. Ó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, ó dúró, iye yọ, ó wá gòkè lọ bá márùn-ún jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ọwọ́-ò-gbọ̀n," ni Kóòdù wí, "ó yẹ kí wọ́n tún orúkọ ẹ sọ."

Wọ́n gbé àpótí, mítà, gbogbo rẹ̀ wọlé tọ Ẹnjiníà lọ. Obìnrin náà tú wáyà tuntun náà, ó fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ hàn án. Ó dá wáyà padà, ó fi bó ṣe dà hàn án. Ẹnjiníà kì í ṣe òpè, ìgbà àkọ́kọ́ tí abẹ́rẹ́ fò ló ti yé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ ẹni tó fẹ́ yìn ín.

"Ta ló rí èyí?" ó bèèrè.

"Èmi àti Kóòdù."

Ẹnjiníà gbójú sókè. "Kóòdù, kí lo rí?"

"Ẹ̀yin náà mọ ojú mi, sà," ni Kóòdù wí, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Àtọjọ́ tí mo ti ń sọ pé kí n lọ gba awò."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n wò ó. Kò bú u. Ọmọ mẹ́ta ló ní.

"Iṣẹ́ rere lo ṣe, Ìyàwó," ni Ẹnjiníà wí. "Mi ò jiyàn. Bí a ṣe máa ṣe é rèé. Fọwọ́ sí ìwé yìí ná lónìí. Lóṣù tó ń bọ̀, màá pe àwọn àpótí tó kù wálé fún ìtọ́jú, wàá fi wáyà tìẹ sí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Lóṣù tó ń bọ̀?"

"Ẹ̀rọ onífóòtì mẹ́sàn-án àti méjìlá ló kù níbẹ̀. Wọ́n lè gbé méjìdínlógún fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé ìpele ìfaradà ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí a bá fojú ìmọ̀ wò ó..."

"Ẹ̀ẹ̀melòó, Bọ̀dá?"

"Kí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n lè gbé e? Iná ń lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Bó ṣe ń dé ló ń gbá wọn. Tẹ́ ẹ bá mọ iye ìgbà tí wọ́n lè gbé e, ẹ sọ ọ́, màá fọwọ́ sí ìwé yín."

Ẹnjiníà kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìwé tó lè yẹ̀ wò tó máa sọ ọ́ fún un. Ó dìde.

"Tóo bá jáde nínú yàrá yìí láìfọwọ́ síwèé, má padà wá síbi iṣẹ́ yìí mọ́. Mi ò fi ṣeré."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò fi ṣeré," ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n wí. "Ẹ jẹ́ kí n mú báàgì mi."

Ó kó gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni, ó mú wáyà díẹ̀, ó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ wà ní òpópónà kejì. Ó bá a níbi tó ti ń fá pákó. Kò gbójú sókè, ó kàn ń fá a lọ, ìyẹn ló fi mọ̀ pé fóònù ti ṣáájú òun dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi pè," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní o bú àwọn."

"Mi ò bú wọn, Bàbá Ìbejì. Ìbéèrè ni mo bi wọ́n."

"Ìyá Ìbejì, èébú ẹlòmíràn sàn ju ìbéèrè tìẹ lọ."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga kan tí kò tíì ní apá, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìwé, oṣù tó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá wa kú," ó ní. "Bọ̀dá ò tíì pé ogún. Wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ ọdún méjì kí n lè lọ tèmi. Ayùn tí mo fi kọ́ṣẹ́, àwọn ni wọ́n rà á. Mi ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan rí."

"Mo mọ̀."

"Fọwọ́ sí i. Lójú mi, orúkọ ẹ ò ní bàjẹ́ láéláé. Lójú àwọn tó kù ńkọ́? Kí ló kàn wá pẹ̀lú wọn?"

"Tó bá jẹ́ orúkọ mi nìkan ni, mo lè gbé e jì yín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá ní òjé mi ló bàjẹ́, ohun tí mo sọ ni pé márààrún tó kù dára. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ọmọ tí ò tó ìgbọ̀nwọ́ mi ló sùn tì wọ́n lásìkò tí à ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lójú pákó. "Ṣé ó dá ẹ lójú? Ṣó dá ẹ lójú tóbẹ́ẹ̀?"

"Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀gbọ́n yín náà rí i. Ó dá àwọn náà lójú, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n lè bínú dáadáa."

"Jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Bóyá wọ́n á fi sí ọ̀sẹ̀ yìí."

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Èmi ń lọ sílé ìwòsàn."

Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti dé ojú ọ̀nà kí ọkọ rẹ̀ tó tún sọ̀rọ̀.

"Tí mo bá gbé ẹ lọ, wọ́n máa mọ̀ pé mo ti yàn."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbé mi. Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí."

Ó ń rìn lọ létí títì nígbà tó gbọ́ alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró, kò wo ojú rẹ̀. "Gùn ún," ó ní. "Kó o sì di mí mú, o máa ń ṣe bí ẹni pé ìwọ lò ń wà á."

Ọkọ̀ Ẹnjiníà ti wà lójúde ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n dé. Òun àti Mátíróònù wà ní yàrá àwọn ọmọ tuntun. Mátíróònù jẹ́ obìnrin kúkúrú tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, awò rẹ̀ so mọ́ ọrùn, kò sì ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni tó bá ga jù ú lọ.

"Ẹnjiníà ti sọ fún mi pé wàá wá," ó wí fún Ọwọ́-ò-gbọ̀n. "Ó ní òun bá ẹ wí, inú wá ń bí ẹ."

"Inú ń bí mi lóòótọ́, mà. Inú ò bí gílóòbù yìí." Ó mú ọ̀kan jáde. "Fóòtì mẹ́fà ló ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ibùsùn wo ni ò lọ́mọ?"

"Ìyẹn. Wọ́n mú ọmọ ẹ̀ lọ sílé láàárọ̀ yìí."

"Ìyàwó," ni Ẹnjiníà wí, "ibi ìtọ́jú lèyí, kì í ṣe ibi eré."

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é," ni Mátíróònù wí.

Ọwọ́-ò-gbọ̀n tú ẹ̀rọ kúrò lára àpótí tó wà nídìí ibùsùn òfìfo náà, ó tẹ bọ́tìnnì títí iye fi di márùn-ún. Ó wá fi gílóòbù rọ́pò ẹ̀rọ náà. Gílóòbù tàn dáadáa, ìmọ́lẹ̀ pupa rọ́rọ́.

"Márùn-ún nìyí, mà. Kò sóhun tó ṣe é. Ó máa ń rántí iye tí wọ́n tẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ bá mi ṣe bí iná bá lọ, tó sì dé. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, lára ògiri."

Mátíróònù tẹ swíìṣì sókè, ó dúró díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Gílóòbù kọ ìmọ́lẹ̀ funfun kan tó mú gbogbo wọn ṣẹ́jú, ó ró pọ́, ó ṣú. Lẹ́yìn náà ni iye yọ lójú àpótí: márùn-ún.

Lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ mẹ́rin ń dún pín-pín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mẹ́rin.

"Tún òmíràn sí i," ni Mátíróònù wí.

Ó tún òmíràn sí i, Mátíróònù tún tẹ swíìṣì. Òun náà kọ funfun, ó ṣú.

Mátíróònù gbé awò rẹ̀ sójú, ó kọjú sí Ẹnjiníà. "Kí ló pa eléyìí? Ṣé ọwọ́ obìnrin yìí náà ni?"

"Mà, ẹ̀ẹ́ rí i, nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ipò ìgbà díẹ̀ kan máa ń wáyé tó jẹ́ pé, tí a bá gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò..."

"Ẹnjiníà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé gbogbo àpótí tó wà nínú yàrá yìí ló ń ṣe báyìí?"

Ẹnjiníà wo àwọn ibùsùn. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní irun ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo gbé e wá?"

"Èmi ni, Bọ̀dá."

Ẹnjiníà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó gba iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó wí fún Mátíróònù. "Gbogbo wọn ni."

Mátíróònù kò pariwo. Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó ti ọmọ kan, kó gbé ọwọ́ lé e láyà, kó sì máa kà títí àwọn máa fi rí nǹkan mìíràn lò. Ó ká ìwé àlàyé tí Ẹnjiníà ti mú wá fún un sí méjì, ó dá a padà fún un.

Ìgbìmọ̀ gba ìwé àṣẹ Ẹnjiníà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì dá a padà. Àwọn àpótí náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ padà. Wáyà tí Ọwọ́-ò-gbọ̀n rò ló wà nínú gbogbo wọn, ọwọ́ Ẹnjiníà ló lẹ̀ ẹ́. Kóòdù ló pe obìnrin náà lórí fóònù láti sọ fún un. Ó ní òjé ọ̀gá kò dán bíi tirẹ̀, àmọ́ ó mú. Ọwọ́-ò-gbọ̀n fúnra rẹ̀ ti gbé tábìlì kan sí igun ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó ń tún rédíò àti fóònù ṣe, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lórí wọn látàárọ̀ dalẹ́. Kò kábàámọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní bí wọ́n bá tún gbé ìwé náà wá lọ́la, kí wọ́n má wulẹ̀ mú bírò dání.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ rẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe máa ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ìgbà tó ti kúrò nílé rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà dé. Ó jókòó sórí ibùsùn.

"Ẹ ò bá wọn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní àwọn ò sí nílé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn. Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá. Wọ́n ní kí ìyàwó wọn sọ fún mi pé àwọn ò sí nílé."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n jókòó tì í. Kò ní kó má bínú, nítorí pé kò sí ohun tó máa yí padà bó bá tún ọjọ́ náà ṣe. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì béèrè.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún bọ́ bàtà náà.